Bí A Ṣe Ń Gbé Ìtàn Ìfẹ́ Àtijọ́ Wọ Tẹlifíṣọ̀n Òde Òní

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ sọ ìwé ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń kọ́kọ́ bọ́ gáùn lọ́rùn àwọn ẹ̀dá ìtàn, wọ́n á wọ̀ wọ́n ní jíńsì, wọ́n á fi fóònù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti ń lọ. Ibi tí eré ti ń kú nìyẹn. Ohun tó mú àwọn ìwé wọ̀nyí dùn ni pé nǹkan gidi kan dínà mọ́ ọkùnrin àti obìnrin inú wọn: òfin ogún, àìlówó, orúkọ ìdílé, lẹ́tà tó pẹ́ lọ́nà. Tí ẹ bá gbé ìtàn náà wá sí ayé ìsinsìnyí láìwá ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ fi dípò ìdènà náà, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì á kàn máa bínú síra wọn lásán, òǹwòran á sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò pe ara wọn. Wíwá ìdènà tuntun ni olórí iṣẹ́ yìí. Ìyókù, ọwọ́ á ká a.

Pride and Prejudice, ìwé tí Jane Austen gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1813, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí ó ṣòro kí ẹ tó rí ọ̀nà tí wọn kò tíì gbé e gbà. Elizabeth Bennet àti Darcy, ọkùnrin olówó tó kọ́kọ́ kórìíra, ni olólùfẹ́ inú rẹ̀. BBC ṣe é ní apá mẹ́fà ní 1995 pẹ̀lú aṣọ àti ilé ayé ìgbà náà. Ní 2008, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV ṣe Lost in Austen, apá mẹ́rin, níbi tí ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù òde òní kan ti gba ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ sínú ìtàn náà, tí Elizabeth inú ìwé sì bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ipò tirẹ̀. Ní 2012, Hank Green àti Bernie Su gbé e lọ sí Kalifọ́níà. Fídíò kéékèèké 100 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórí YouTube, The Lizzie Bennet Diaries ni wọ́n pè é, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy ní 2013. Ní 2018, TV Globo ní Bùràsíìlì gbé e lọ sí ìlú oníkọfí kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì pè é ní Orgulho e Paixão. Àwọn tó ń wo Zee World ní Nàìjíríà sì mọ Twist of Fate, tí wọ́n ń pè ní Kumkum Bhagya ní Íńdíà: Sense and Sensibility, ìwé Austen ti 1811, ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé.

Ẹ kọ́kọ́ wo òfin

Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn tí ọdún tó kú sí bá parí. Austen kú ní 1817, Charlotte Brontë tó kọ Jane Eyre kú ní 1855. Kò sẹ́ni tó lè gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìtàn tàwọn méjèèjì, ẹ sì lè rí ọ̀rọ̀ inú ìwé wọn kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg. Ibi tí wàhálà ti ń wá ni ohun tí àwọn ẹlòmíì fi kún un. Ìwé tí ògbufọ̀ kan túmọ̀ ní àìpẹ́ yìí, ògbufọ̀ náà ló ni ìtumọ̀ yẹn. Àlàyé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tirẹ̀ ni. Ohun tí eré mìíràn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ náà, wọ́n ni ín.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń mú ènìyàn jù, torí ọ̀pọ̀ ti wo fíìmù kí wọ́n tó ka ìwé. Ìran tí Darcy ti jáde látinú adágún omi, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbingbin, BBC ló dá a sílẹ̀ ní 1995. Austen kò kọ ọ́. Òjò tó ń rọ̀ lórí Darcy àti Elizabeth nígbà tó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, fíìmù Pride and Prejudice ti 2005 ló rọ̀ ọ́. Inú yàrá, nínú ilé Collins, ìbátan Elizabeth, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pemberley Digital, iléeṣẹ́ Darcy: The Lizzie Bennet Diaries ló dá a sílẹ̀. Ẹ ṣí ìwé fúnra rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń kọ eré, kí ẹ sì pa fíìmù tì títí ẹ ó fi kọ ìwé eré yín parí lẹ́ẹ̀kíní.

Kíkà

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ má mú bírò dání rárá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gé páálí kéékèèké, ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Pride and Prejudice ní orí 61, ẹ gé 61. Lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ dáhùn: Kí ni ẹni yìí ń fẹ́? Kí ló dí i lọ́nà? Kí ló mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ló gbà gbọ́ tí kì í ṣe òótọ́?

Ìbéèrè kẹrin yẹn ni kí ẹ dúró tì. Ní orí 3, Darcy sọ níbi ijó pé Elizabeth kò lẹ́wà tó láti mú òun jáde wá jó, ọmọbìnrin náà sì gbọ́. Ní orí 16, Wickham, ọ̀dọ́ ológun kan tó ti mọ Darcy láti kékeré, sọ fún un pé Darcy fi ẹ̀tọ́ tí bàbá Darcy ṣèlérí fún òun du òun, Elizabeth sì gbà á gbọ́ kíákíá, nítorí ọgbẹ́ orí 3 kò tíì jinná. Òótọ́ kò jáde àfi ní orí 35. Orí 19 ni irọ́ kan gbé rù! Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ijó orí 3 kúrò nítorí pé ó kéré, ìgbàgbọ́ tó fún Wickham á di ti òmùgọ̀, gbogbo àárín eré á sì wó. Kíkà ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ fàlà sí kìkì ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣe nítorí òfin, owó tàbí ojú ayé ìgbà yẹn. Ohun tí ẹ bá fàlà sí ni ẹ máa pààrọ̀. Ohun tí kò bá pupa, ẹ má fọwọ́ kàn án láìnídìí.

Ìdènà

Ẹ fa ilà sí àárín ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ ìdènà inú ìwé; lápá ọ̀tún, ẹ kọ èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ lónìí. Ẹ wá fi ìbéèrè mẹ́ta dán apá ọ̀tún wò. Ǹjẹ́ ó lè ba ayé ẹnì kan jẹ́ lóòótọ́? Ǹjẹ́ ìpè fóònù kan ṣoṣo lè tú u? Ǹjẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè juwọ́ sílẹ̀ fún un kí òǹwòran má sì fojú ẹ̀gàn wò ó? Èyí tí kò bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ wo Collins. Nínú ìwé, ilẹ̀ tí bàbá Elizabeth ń jẹ lórí kò lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin. Collins, ìbátan wọn tó jẹ́ ọkùnrin, ló máa jogún rẹ̀. Nígbà tí Collins wá sọ fún Elizabeth pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ ní orí 19, kíkọ̀ rẹ̀ lè sọ ìyá àti àwọn àbúrò di aláìnílé. Lónìí, ọmọbìnrin tó bá kọ̀ fún ọkùnrin tí kò wù ú, ta ló máa bá a wí? Àwọn tó ṣe The Lizzie Bennet Diaries rí i pé ìdènà náà ti kú, wọ́n sì sọ ìfilọ̀ ìgbéyàwó náà di ìfilọ̀ iṣẹ́: Collins ní kí Lizzie, Elizabeth tiwọn, wá bá òun dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Lizzie ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, ilé wọn sì wà nínú ìṣòro owó. Ó kọ̀. Charlotte ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, nítorí ilé tiwọn náà nílò owó. Èyí bá ìwé mu pátápátá, torí Charlotte inú ìwé jẹ́ ẹni 27 ọdún tí kò lówó, tó sì mọ̀ pé òrùlé lórí òun ṣe pàtàkì ju ìfẹ́ lọ. Ìjà àárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì dun òǹwòran gan-an, nítorí kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú wọn. Irú pàṣípààrọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wá nìyí: ọ̀rọ̀ yí padà, ìwúwo kò yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló rọrùn bákan náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Emma, ìwé Austen ti 1815, ni kó mú. Ohun tó ń dí Emma lọ́nà ni àìríran ara rẹ̀: ó rò pé òun mọ ẹni tó yẹ kí kálukú fẹ́, kò sì mọ ẹni tí òun fúnra òun fẹ́ràn. Kò sí òfin tó yí padà tó lè ba ìyẹn jẹ́, ìdí nìyẹn tí fíìmù Clueless fi rọrùn láti gbé e lọ sí ilé ìwé girama ní Beverly Hills ní 1995. Persuasion, ìwé Austen mìíràn, ni kó tẹ̀ lé e: àgbà kan tó fẹ́ràn Anne ló rọ̀ ọ́ kó já ọkùnrin tí kò lówó sílẹ̀, ọdún mẹ́jọ kọjá, ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú owó. Àwọn àgbà ṣì ń tú àdéhùn ìgbéyàwó ká títí dòní.

Jane Eyre, tó jáde ní 1847, ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá mọ́. Ìyàwó Rochester, ọkùnrin tí Jane fẹ́ràn, ní àrùn ọpọlọ, ó sì wà ní àgbékà òkè ilé, òfin ìgbà náà kò sì gbà kó kọ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, ilé ẹjọ́ wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkùnrin tó bá ti aláìsàn mọ́lé lónìí ti dáràn, ọlọ́pàá ló kàn, òǹwòran kò sì ní fẹ́ kí Jane fẹ́ ẹ mọ́. Nítorí náà, yàrá òkè náà gbọ́dọ̀ lọ. Ohun tí ẹ máa pa mọ́ ni kókó rẹ̀: ọkùnrin náà ní ojúṣe kan tí kò lè sá fún, ó fi pa mọ́ fún Jane, Jane sì gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó àkọ́fẹ́ tó wà nílé ìtọ́jú, tí Rochester ń sanwó fún, tí ọmọ wọn kò sì mọ̀, lè dúró. Kí ìyàwó náà sì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú eré, ó kéré tán ìran kan. Nínú ìwé kò rí àǹfààní yẹn.

Owó

Ẹ má ṣe wá iye tí pọ́n-ùn ìgbà náà jẹ́ lónìí. Ìṣirò yẹn máa ń fúnni ní nọ́ḿbà tí kò ní ìtumọ̀ létí òǹwòran. Ìdíwọ̀n láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì ni kí ẹ wò. Darcy ń gba pọ́n-ùn 10,000 lọ́dún, Bingley ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba 4,000 tàbí 5,000, bàbá Elizabeth ń gba 2,000, èyí tó máa parí lọ́jọ́ tó bá kú. Ó já sí pé Darcy ju ilé Elizabeth lọ ní ìlọ́po márùn-ún, Bingley sì jù wọ́n lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. Àwọn Bennet kì í ṣe tálákà. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn tó ń ṣe eré máa ń sọ Elizabeth di ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, wọ́n á sì sọ Darcy di ẹni tó ní bàálù. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìtàn náà ti di ti ọmọ tálákà tó fẹ́ ọmọ ọba, ìtàn mìíràn pátápátá. Ìtìjú Elizabeth ni ti ẹni tó ní díẹ̀, tó sì lè pàdánù rẹ̀ lọ́la. Ẹ wá ilé bàbá tó ń ṣiṣẹ́ tó dára, tó ń gbé ilé iléeṣẹ́, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Lẹ́tà àti fóònù

Nínú ìwé, ìròyìn máa ń pẹ́. Ní orí 46, Elizabeth wà ní Derbyshire nígbà tó gba lẹ́tà méjì lẹ́ẹ̀kan náà látọ̀dọ̀ Jane ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé Lydia àbúrò wọn ti bá Wickham sá lọ. Èyí àkọ́kọ́ ti kọ́kọ́ ṣìnà lọ síbòmíràn nítorí pé Jane kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ́nà tí kò ṣeé kà. Bí ọwọ́ Jane ṣe gbọ̀n nígbà tó ń kọ̀wé nìyẹn, Austen kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé.

Ní òde òní, ọ̀rọ̀ WhatsApp á dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá máa ń ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí bátìrì kú, tàbí kí nẹ́tíwọọ̀kì má sí. Ẹ lè lo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan péré nínú gbogbo eré. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, òǹwòran á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pa fóònù náà. Ìdádúró tó dára máa ń wá láti ọkàn ènìyàn. Nínú The Lizzie Bennet Diaries, Lydia ní fídíò tirẹ̀ tó ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí i níbẹ̀ pé Wickham ti ń fa Lydia mọ́ra. Ṣùgbọ́n Lizzie ti bá a jà, kò wo fídíò rẹ̀ mọ́. Gbogbo òǹwòran ti mọ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó mọ̀. Kò sí ohun tó dí ìròyìn náà lọ́wọ́ bí kò ṣe ìbínú ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, ìdí nìyẹn tó fi dun Lizzie tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́. Ìtìjú, ìbínú, dídí nọ́ḿbà ẹni, kíka ọ̀rọ̀ kí a má fèsì, fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí a sì tètè pa á rẹ́: ẹ wá ìdádúró yín níbẹ̀.

Lẹ́tà Darcy ti orí 35 ni kí ẹ má sọ di ọ̀rọ̀ fóònù rárá. Ó gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí náà, Elizabeth sì kà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé dì mú. Àwọn ará Kalifọ́níà náà, tí gbogbo eré wọn jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, orí ìwé ni wọ́n jẹ́ kí Darcy kọ ọ́ sí. Lójú kámẹ́rà, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin máa ka lẹ́tà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ pín in: ìlà díẹ̀ lóhùn Darcy, lẹ́yìn náà ìran tó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà ojú Elizabeth, kí ó padà sí ìlà tó kà kọjá.

Ojú ta la fi ń wò ó

Ìwé náà mú wa ṣìnà nítorí pé ojú Elizabeth la fi ń rí Darcy. Kámẹ́rà kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn. Tó bá ti fi òṣèrékùnrin tó rẹwà hàn, tó ń wo obìnrin náà jẹ́jẹ́, òǹwòran ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ọgbọ́n tí The Lizzie Bennet Diaries ta ni pé Lizzie ló ń sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú kámẹ́rà nínú yàrá rẹ̀. Tó bá fẹ́ fi Darcy hàn, á dé fìlà, á so táì kékeré mọ́ ọrùn, á gan apá, á sì máa fi ohùn líle sín in jẹ. A kò rí ojú Darcy fúnra rẹ̀ títí di apá 60, tó wọlé wá sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Apá 59 la fi gba ọ̀rọ̀ Lizzie gbọ́, lójijì la sì rí ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Tí eré yín bá ní ìran púpọ̀, tí kì í ṣe ẹnu ẹnì kan, ìlànà kan ṣoṣo ló tó: títí di apá kẹta, kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú Darcy. Níbi tí Elizabeth kò bá sí, tí kò sì lè yọjú wò, ẹ má ya ìran síbẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà, ẹ lè tú òfin yìí sílẹ̀.

Iye apá, àti ohun tó wọ ibẹ̀

Ojú ewé kan nínú ìwé eré tó ìṣẹ́jú kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Apá oníṣẹ́jú 45 á jẹ́ ojú ewé 45, pẹ̀lú ìran bíi 25 sí 30. Fún apá mẹ́fà, ẹ má pín orí 61 dọ́gba-dọ́gba. Ìpín tó ń ṣiṣẹ́ rèé: orí 1 sí 12 ní apá kìíní, 13 sí 23 ní apá kejì, 24 sí 34 ní apá kẹta, 35 sí 45 ní apá kẹrin, 46 sí 52 ní apá karùn-ún, ìyókù ní apá kẹfà. Orí méje péré ló wà ní apá karùn-ún, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lydia nílò àyè. Ibi tí wọ́n ti ń sáré kọjá jù nìyẹn. Apá kẹta gbọ́dọ̀ parí sórí ìgbà àkọ́kọ́ tí Darcy sọ tẹnu rẹ̀. Nínú ìwé, orí 34 nínú 61 ni. Nínú fídíò Kalifọ́níà, 60 nínú 100. Ìdajì ti kọjá díẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fà á wá síwájú kò ní ní ìbínú tó pọ̀ tó láti fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá tì í sẹ́yìn kò ní ní àyè fún ìrònúpìwàdà.

Bí ẹ̀dá ìtàn bá pọ̀ ju owó yín lọ, ẹ dín àwọn tí kò gbé irọ́ tàbí ìdènà kankan dání. Nínú àwọn ọmọbìnrin Bennet márùn-ún, Jane, Elizabeth àti Lydia ló di ìtàn mú. Àwọn ará Kalifọ́níà sọ Kitty di ológbò Lydia, wọ́n sì sọ Mary di ìbátan. Ohunkóhun kò yingin.

Tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá ní apá ojoojúmọ́ ni àwọn fẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé kan bí èyí kò lè fún yín ní ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ kí ó tó gbẹ. Kumkum Bhagya ti kọjá apá 2,000, Sense and Sensibility sì ní orí 50 péré. Ìyá tí kò sí ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì tí ìwà wọn yàtọ̀ ni ìwé fún wọn, ìyókù wọ́n hun ún fúnra wọn. Ọ̀nà Globo dára jù lójú tiwa. Orgulho e Paixão, tó lé ní apá 150, kò fa ìwé kan gùn. Ó da ìwé Austen bíi mélòó kan pọ̀ sínú ìlú kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin márùn-ún ni ìdílé Benedito ní: Elisabeta wá láti Pride and Prejudice, Mariana láti Sense and Sensibility, Cecília láti Northanger Abbey, Ema sì jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Olúkúlùkù gbé ìdènà tirẹ̀ dání wá. Bí ti ọ̀kan bá tán, ti òmíràn ti ń gbóná.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ má túmọ̀ gbólóhùn Austen. Ẹ bi ara yín pé kí ni gbólóhùn náà ń ṣe sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ní orí 34, Darcy sọ pé òun fẹ́ràn Elizabeth, ó sì tún ń ṣàlàyé bí ìdílé rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó àti bí òun ṣe jà tó kí òun má bàa fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Ó rò pé òótọ́ náà ni ẹ̀bùn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, kí ìyìn kọ̀ọ̀kan gbé àbùkù kan lẹ́yìn, kí ó má sì mọ̀. Bí òṣèré bá ṣe é pẹ̀lú ìgbéraga gbangba, ó ti bà á jẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Lédè Yorùbá, irinṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa tí Austen kò ní: «ẹ» àti «o». Kí Darcy àti Elizabeth máa pe ara wọn ní «ẹ» látìbẹ̀rẹ̀, bí àwọn tí kò mọra níbi iṣẹ́ ṣe ń ṣe. Tí ìbínú bá gbé Elizabeth ní apá kẹta, kí ó já sí «o» lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. «Ìwọ ni ọkùnrin ìkẹyìn tí mo lè fẹ́ láyé.» Kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ.

Lydia

Ọmọ ọdún 15 ni Lydia nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Lónìí ọmọdé ni, ohun tí Wickham ṣe sí i sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kì í ṣe ìyájú lásán. Ẹ fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Bákan náà, ìgbéyàwó kò tún orúkọ ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Nínú ìwé, Darcy san gbèsè Wickham tó lé ní pọ́n-ùn 1,000, ó tún fi pọ́n-ùn 1,000 mìíràn sórúkọ Lydia, ó ra ipò nínú iṣẹ́ ológun fún ọkùnrin náà, ó sì ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú fídíò Kalifọ́níà, Wickham fẹ́ ta fídíò ìkọ̀kọ̀ òun àti Lydia lórí ìkànnì kan. Darcy ra iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ìtìjú tó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé láàárọ̀ ọjọ́ kan: ìwúwo rẹ̀ bá ti ìwé mu. Ohun tí wọ́n ṣe tó dára ju ti ìwé lọ ni pé wọ́n jẹ́ kí Lydia sunkún, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbá a mọ́ra. Ẹ má gbàgbé pé ohun ìkọ̀kọ̀ ni oore Darcy. Bí Elizabeth bá rí i ní ojúkojú, ó ti di ṣekárími.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wá sílẹ̀ Yorùbá

Òfin ogún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò ní dúró níbí. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀, yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ní iye ìyàwó, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Bí ìbátan ọkùnrin kan bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ọmọ olóògbé márùn-ún ní Abẹ́òkúta, mọ̀lẹ́bí á bá a jókòó. Ẹni tí àṣà kò fún ní ogún ni opó: ìyàwó kì í jogún ọkọ. Nítorí náà, ẹ̀rù ìyá Elizabeth lè jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, pàápàá tí àwọn ọmọ ìyàwó mìíràn bá wà níwájú. Obìnrin tí gbogbo eré fi ń ṣẹ̀fẹ̀ á wá di ẹni tó mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

Orí 56 ló máa bá wa lára mu jù. Lady Catherine, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ìyá Darcy, wá bá Elizabeth nílé pé kó ṣèlérí pé kò ní fẹ́ Darcy. Elizabeth kọ̀. Obìnrin náà bínú lọ sọ fún Darcy, kíkọ̀ tí Elizabeth kọ̀ yẹn gan-an ló sì fún Darcy ní ìrètí. Ẹ má sọ ọ́ di ìpè fóònù. Kí ìyá náà wọlé pẹ̀lú gèlè àti awakọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí Elizabeth kúnlẹ̀ kí i, kí ó gbé omi wá, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga. Ní gbogbo ìgbà tí àgbà náà bá ní kó ṣèlérí, kí ó dáhùn pẹ̀lú «ẹ má bínú, mà», kí ó má sì ṣèlérí. Kí ó tún kúnlẹ̀ nígbà tó bá ń sìn ín jáde. Kò yájú sí àgbà, kò sì gbà.

Kí ẹ tó lọ ya fídíò kankan, ẹ kó ènìyàn márùn-ún tí kò ka ìwé náà rí jọ, kí òṣèré ka apá kẹta sí wọn létí láìsí àlàyé. Ẹ má béèrè bóyá ó dùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé: kí ló dé tí àwọn méjèèjì kò lè fẹ́ra? Bí mẹ́ta nínú wọn bá dáhùn pé wọn ò mọ̀, tàbí pé wọ́n kàn ń ṣe agídí, ẹ padà sórí ìwé tí ẹ fa ilà sí àárín rẹ̀, apá ọ̀tún.